Ìwé Mẹ́ta Inú Sééfù Alàájì Àmọ̀dá

Ènìyàn méjì ló jẹ́wọ́ olè kan ṣoṣo láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago mẹ́sàn-án kò sì tíì lù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe ọlọ́pàá, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó mọ́ mi lára ni ká kó ènìyàn mẹ́wàá jọ, kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi Kùránì àti Bíbélì búra pé àwọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ Alàájì Àmọ̀dá nìkan ni mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń du olè bí ẹni ń du oyè.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Alàájì Àmọ̀dá ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búútà oníke ní Sango, lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Bí ẹ bá ti ṣe àlùwàlá rí láti Ọ̀tà dé Àtàn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ búútà tiẹ̀ lẹ fi ṣe é. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni bàbá náà. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Rauf ni àkọ́bí, òun ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búútà náà ní Àtàn. Naimat ló tẹ̀ lé e, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì ti jọ ń darí ilé iṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ní aago méje ààbọ̀, Naimat wọ ọ́fíìsì bàbá rẹ̀, ó bá sééfù ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ló bá figbe ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ya bo ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan pe tésàn, bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Èmi Sájẹ́ǹtì Akíndé ni mo wakọ̀ gbé ọ̀gá mi, Ìnsípẹ́kítọ̀ Rónkẹ́, débẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́rìnlá ju ọ̀gá mi yìí lọ. Ó ń pè mí ní Bàbá Akíndé, èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá, kò sì sí èyí tó ń bínú nínú àwa méjèèjì. Kì í pariwo, kì í na ènìyàn. Yóò kàn bi yín ní ìbéèrè kan, á wá dákẹ́ títí ẹ ó fi dáhùn èyí tí kò bi yín.

"Alàájì, kí ló sọnù?" Èmi ni mo bi í.

Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó káwọ́ lé àyà. "Ìwé mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ìwé kí ni?"

"Ìwé bí ilé iṣẹ́ yìí yóò ṣe máa lọ bí mi ò bá sí mọ́."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú sééfù. Kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Gbogbo nǹkan tò bó ṣe yẹ kó tò. Ìwé ilẹ̀ ilé iṣẹ́ gan-an wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Nọ́ńbà wo lẹ fi ń ṣí i, Bàbá?"

"Ọdún tí mo lọ sí Mẹ́kà ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọdún tí bàbá lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n kọ gàdàgbà sára gẹ́ètì, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí ọlọ́kadà tó bá ń kọjá lọ ti lè kà á. Gbogbo Sango ló lè ṣí sééfù Alàájì Àmọ̀dá.

Ibẹ̀ la wà tí Naimat fi kúnlẹ̀. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èmi ni mo kó o."

"Naimat!" Bàbá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó la ẹnu, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó kún ẹnu ọ̀nà, ó tún pa ẹnu náà dé.

Mi ò tíì kọ orúkọ ọmọbìnrin náà tán tí ọ̀kadà kan fi já wọ inú ọgbà. Rauf ló bọ́ sílẹ̀, eruku kún ojú rẹ̀. Wọ́n ti pè é lórí fóònù láti ìgbà tí Naimat ti figbe ta. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn lọ dúró síwájú àbúrò rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Èmi lolè."

"Irọ́ ló ń pa," Naimat sọ.

"Ìwọ lò ń parọ́! Pa ẹnu ẹ mọ́, ṣé o gbọ́?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Fóònù Ọ̀gá dún. Dípíò, olórí tésàn wa, ni. Àwọn olófòófó ti ṣáájú wa dé etí rẹ̀, ó ti gbọ́ pé olè ti jẹ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé gbogbo wa la gbọ́ ọ: kí a mú ẹni tó jẹ́wọ́ wá sí tésàn kí aago méjì tó lù, yóò sun sẹ́ẹ̀lì, ó di kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ajé.

Naimat yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, bí wọ́n bá fi lè mú mi jáde níbí lónìí, mi ò ní padà wá mọ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn òṣìṣẹ́?"

Omijé ló ń bọ́ lójú bàbá.

*

Ọ̀gá ní kí n mú Naimat lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń di ọjà, kí n fi Rauf sínú ọkọ̀ wa. Ìbéèrè kan náà ló bi àwọn méjèèjì: inú kí ni ìwé náà wà nígbà tí wọ́n kó o?

"Fáìlì aláwọ̀ ewé," Naimat dáhùn wàràwàrà.

"Àpòòwé funfun kan báyìí," Rauf wí.

Nígbà tó bi Alàájì, bàbá ní ìwé náà kò sí nínú fáìlì, kò sì sí nínú àpòòwé. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi wọ́n pa mọ́. Ọ̀kan wà lábẹ́ ìwé ilẹ̀, ọ̀kan wà nínú páálí Kùránì, ẹ̀kẹta wà láàárín rìsíìtì owó orí.

"Bàbá Akíndé, kò sí èyí tó rí ìwé yẹn sójú rí nínú wọn."

"Ọ̀gá, ẹni tó ń jalè, àyà á máa já a. Ó lè gbàgbé."

"Ẹni tó wá nǹkan níbi mẹ́ta kò ní gbàgbé pé ibi mẹ́ta ni." Ó padà sọ́dọ̀ Naimat, ó fa páálí búútà kan, ó jókòó lé e. "Ta lẹ ń bò láṣìírí?"

Ó wá dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Naimat kò lè fara dà á, ó bú sẹ́kún. Ó ní lánàá, lẹ́yìn ìrun Alásárì, òun rí ẹ̀gbọ́n òun tó ń jáde ní ọ́fíìsì bàbá, tó ń fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyàwó Bọ̀dá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ta ni yóò tọ́ wọn? Èmi ò tíì bímọ. Ẹ jẹ́ n lọ."

Ọ̀dọ̀ Rauf ńkọ́? Rauf ní lánàá kan náà, òun bá bàbá tó ń dá sunkún, tó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé Naimat kò ní dárí ji òun. Rauf rò pé àwọn méjèèjì ti jà ni, pé ìbínú ni àbúrò òun fi kó ìwé lọ. "Ọ̀gá, láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Bí ẹ bá mú un, ilé iṣẹ́ yìí ti kú nìyẹn. Èmi? Ẹnikẹ́ni lè ta búútà."

Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wá nílé tiwa. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ọ̀rọ̀ oko tó fi sílẹ̀ kò jẹ́ ká lè jókòó jẹun pọ̀. Mo wo Rauf nínú ọkọ̀ yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì jowú rẹ̀ díẹ̀.

*

Umar, mẹ́gádì wọn, gbé ìwé tí àwọn àlejò ń forúkọ sílẹ̀ sí wá. Ọ̀gá ń ṣí i léwé léwé. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Lọ́yà Ṣótúndé ń wá láti Ojú Ọrẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni akáǹtáǹtì kan tó ń jẹ́ Babájídé ń wá. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àáfà Waliyullah láti Alápọ́tí ló ń dé. Kò sí ọjọ́ kan tí méjì nínú wọn pàdé.

"Ṣé wọ́n mọ ara wọn ni?"

"Rárá o, Màdáámù," Umar dáhùn. "Alàájì ní bí ọ̀kan bá wà nínú ilé tí òmíràn bá dé, kí n ní bàbá ti jáde."

Mo fi ìka gún ojú ìwé náà. Lánàá, Ọjọ́rú, Babájídé wá. Ọjọ́rú kì í ṣe ọjọ́ tiẹ̀! "Ọ̀gá, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e."

"Ẹ pè é wá, Bàbá Akíndé. Ẹ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn."

Bí èmi àgbà ọlọ́pàá ṣe di ẹni tó ń sáré kiri láàárín páálí nìyẹn. Mo fi lọ́yà sí sítọ́ọ̀, mo fi akáǹtáǹtì sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, mo ní kí Àáfà lọ sinmi ní mọ́ṣáláṣí kékeré inú ọgbà. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo mọ bí ara ṣe ń ni Umar láti oṣù mẹ́rin.

Babájídé la kọ́kọ́ bá. Òógùn bo ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ń fẹ́ sí i lórí. Inú mi dùn. Mo ní ṣe ni ẹ̀rí ọkàn ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Kí lẹ wá ṣe níbí lánàá?" Ọ̀gá bi í.

"Alàájì ló ránṣẹ́ pè mí."

"Nítorí kí ni?"

Kò fèsì. Ọ̀gá náà kò sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka gbá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní ìbàdí mi.

"Ó bi mí pé," Babájídé nu òógùn ojú rẹ̀, "bí ènìyàn bá ti tọwọ́ bọ ìwé tán, ṣé ó lè yọ ọwọ́ náà kúrò. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí o, òun kàn ń béèrè ni. Ó tún ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìwé mélòó lẹ kọ fún un?"

"Ẹyọ kan."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ní lọ́yà?"

"Lọ́yà kẹ̀?" Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Lórí kí ni?"

Lọ́yà Ṣótúndé kò láàgùn rárá. Ó ní ìwé kan ṣoṣo lòun kọ, òun kò sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí àṣírí oníbàárà òun ni. Ní ti Àáfà, tẹ̀sùbáà ló ń fà nígbà tí a wọlé. "Ẹyọ kan ni, Màdáámù. Alàájì ní àmánà ni, kí n má jẹ́ kó dé etí ẹ̀dá kankan."

A jáde sí abẹ́ igi ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. "Ọ̀gá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbìmọ̀ pọ̀," mo wí.

"Àwọn tí kò mọ ara wọn, báwo ni wọ́n ṣe gbìmọ̀? Ẹ bá mi rò ó. Lọ́yà mọ̀ nípa ìwé kan. Akáǹtáǹtì mọ̀ nípa ìwé kan. Àáfà náà, ìwé kan. Ẹni tó ṣí sééfù yìí kò tú nǹkan kan ká. Ó lọ síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó yọ ìwé mẹ́ta, ó fi ìwé ilẹ̀ tó níyì jù wọ́n lọ sílẹ̀. Ta ló mọ̀ pé mẹ́ta ni? Ta ló mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà?"

Mo rò ó. Mo tún un rò. "Ẹni tó tọwọ́ bọ̀ wọ́n."

"Ó sì bi akáǹtáǹtì lánàá bóyá ọwọ́ ṣeé yọ. Láti àárọ̀, Bàbá Akíndé, gbogbo wa la ń pariwo olè. Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rí? Ó ní ìwé náà kò sí níbẹ̀ mọ́ ni. Kò purọ́."

*

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ àwa mẹ́ta. Ó ṣí fìlà ọlọ́pàá lórí, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá bí ọmọ ń kúnlẹ̀ fún òbí rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìwé náà fún mi. Aago kan ti lù."

Alàájì Àmọ̀dá wò ó. Ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá rẹ̀, ó fa ìwé mẹ́ta yọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà látòkèdélẹ̀, àyà rẹ̀ ló fi gbé wọn sí, òógùn ti rẹ wọ́n jìngbìnnì.

"Ìtìjú ni, ọmọ mi. Lọ́yà ní kí n gbé gbogbo ilé iṣẹ́ lé Naimat lọ́wọ́ lójú ayé mi, nítorí òun ló mọ iṣẹ́. Mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Akáǹtáǹtì ní kí òun àti Rauf pín in dọ́gba, kí ìjà má bàa wà. Mo rí i pé ìyẹn náà dáa. Àáfà ní bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí wọ́n pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, kí Rauf gba ìlọ́po méjì ti Naimat. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé rárá? Ènìyàn rere ni gbogbo wọn. Ojú ń tì mí láti jẹ́ kí ọ̀kan mọ̀ pé mo ti gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ èkejì. Àti pé níbi tí wọ́n ti bí mi, ènìyàn kì í pariwo ogún ara rẹ̀. Wọ́n á ní o ti fẹ́ kú."

"Ìgbà wo lẹ wá rí i pé wọ́n ń ta ko ara wọn?"

"Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo kà wọ́n léra. Mo rí i pé bí mo bá kú, ìwé tí mo fọwọ́ ara mi sí ni àwọn ọmọ mi yóò fi gbé ara wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo gba ọgbọ́n ẹni mẹ́ta, mo sì ya wèrè náà." Ó nu ojú. "Láàárọ̀ yìí ni mo kó wọn lọ sẹ́yìn ọgbà kí n lọ sun wọ́n. Mi ò rántí ti sééfù. Mi ò sì lè ṣáná sí wọn. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, Naimat ti ń ké olè, òṣìṣẹ́ ọgọ́rin ti dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ọmọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sun sẹ́ẹ̀lì, Bàbá!" Mo mọ̀ pé ohùn mi le. Inú bí mi, ẹ má jẹ́ n parọ́. "Àwọn méjèèjì ló fẹ́ bá yín ṣẹ̀wọ̀n!"

"Mo mọ̀," bàbá wí. "Ìyẹn ló ń pa mí."

Ọ̀gá gbé fóònù, ó pe Dípíò. Ó ní kò sí olè, ìwé ti délé, àti pé òun máa ṣàlàyé bí òun bá dé. Dípíò kígbe díẹ̀, Ọ̀gá dákẹ́ fún un títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

*

Gbogbo wa la pé sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá to ìwé mẹ́ta náà sórí tábìlì, ó ní kí oníkálukú ka ti ẹnìkejì rẹ̀.

Lọ́yà Ṣótúndé ló kọ́kọ́ fò sókè. "Ta ló kọ èyí? Ìwé yìí ti sọ iṣẹ́ oṣù mẹ́rin mi dòfo!"

"Tiyín ńkọ́?" Babájídé náà gbaná jẹ. "Ẹ fi gbogbo ilé iṣẹ́ fún ẹnì kan, ẹ ò ro ti owó orí mọ́ ọn!"

Àáfà Waliyullah kò bá wọn jà. Ó ka ti lọ́yà tán, ó mirí. "Sùbúhánàlláhì. Alàájì, ó ti wà lọ́kàn yín láti fi ta ọmọ lọ́rẹ lójú ayé yín, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ̀sìn kò kọ ẹ̀bùn, kó ṣáà bọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wà láàyè, kí ẹ má sì rẹ́ èkejì jẹ. Ọ̀rọ̀ ogún lẹ bi mí, èsì ogún ni mo fún yín."

Rauf ti ìwé tó fún un ní ìdajì padà. "Èmi ò béèrè ìdajì." Naimat náà kò fọwọ́ kan èyí tó fún un ní gbogbo rẹ̀. Ó ní ìwé tó bá gbàgbé Bọ̀dá òun, òun kò fẹ́ ẹ.

"Bàbá," Ọ̀gá wí, "àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Kí ni ẹ̀yin ń bẹ̀rù?"

Bàbá ti ìwé mẹ́ta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò bẹ̀rù pé ẹ ó bà á jẹ́," ó wí, ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wò. "Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọjọ́ tí mo bá gbé e lé yín lọ́wọ́, kò ní sẹ́ni tó máa bi mí léèrè nǹkan kan mọ́. Màá jókòó sílé, ẹ ó máa gbé oúnjẹ wá, ẹ ó máa ní kí Bàbá sinmi. Ìdí tí mo fi ń tọwọ́ bọ ìwé tí mo sì ń tì í mọ́ sééfù nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó parí."

Rauf bojú. Naimat kò sunkún. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Bàbá, ẹ̀rọ tuntun yẹn, láti ọjọ́ Ajé ló ti ń yọ ẹnu búútà ní wíwọ́. Mo ti pe ẹnjiníà lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti ń wá àyè láti bá yín sọ ọ́."

Bàbá gbójú sókè. "Omi tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù, ṣé ó ń lọ dáadáa?"

"Mi ò wo ìyẹn."

"Háà, Naimat! Ọdún mẹ́tàdínlógún!" Ó ti dìde. Kò di àga mú, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí àwọn mẹ́ta tó ṣì ń wo ara wọn láìṣẹ́jú. "Ẹ̀yin, ẹ jókòó. Ẹ má lọ. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá lórí tábìlì yìí. Naimat lọ̀gá. Rauf ní ìpín tiẹ̀, ẹ jọ wá iye tó tọ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa bi mí léèrè."

Ó jáde, Naimat àti Rauf tẹ̀ lé e.

Lọ́yà Ṣótúndé họ orí. "Báwo la ṣe fẹ́ kọ irú ìyẹn sínú ìwé òfin?"

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wí i," Àáfà dá a lóhùn.

Babájídé ti fa àga mọ́ tábìlì ní tiẹ̀, ó ti ń kọ ọ́.